Abéèrè Kì Í Ṣìnà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí ṣẹ mọ́ tíṣà àgbà kan lára ní Ìbàdàn nígbà tí ó fẹ́ tún kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ṣe.

Kọ̀ǹpútà náà ti pẹ́ nílé. Òun ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, nítorí láti ọdún 2015 ni gbogbo olùdánwò ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń wọ́ ẹsẹ̀ bí arúgbó tí ń gun òkè Màpó. Bàbá kó èsúsú rẹ̀, ó ní òun yóò ra RAM, pátákó pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí a yọ ti inú rẹ̀ dání lọ sọ́jà."

"Ìwọ ni yóò kọ́ mi ní ọjà rírà?"

Ọmọ pa ẹnu mọ́. Nígbà tí òǹtajà béèrè irú èyí tí bàbá ń fẹ́, èsì rẹ̀ ni pé, "Èyí tí ó tuntun jù lọ." Wọ́n gbé DDR4 fún un.

Ní alẹ́, bàbá ṣí ikùn ẹ̀rọ. Ó ti RAM, kò wọlé. Ó tún tì í, ó kù díẹ̀ kí ó kán. Ọmọ rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ èyí àtijọ́, tí í ṣe DDR3, ó sì tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Eyín wẹẹrẹ 240 ni àtijọ́ fi ń gba iná, tuntun ní 288. Àlàfo tí ó wà láàárín eyín wọn kò sì sí ní ojú kan náà. Fólítì 1.5 ni àtijọ́ ń lò, tuntun ń lo 1.2. Àwọn tí ó ṣe wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí ojú àlàfo náà padà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ki ọ̀kan bọ ihò èkejì.

Ní ọjọ́ kejì, òǹtajà gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ lára owó. Bàbá kò jiyàn. Ọmọ ni ó mú RAM àtijọ́ dání, òun ni ó sì béèrè gbogbo ìbéèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ geere.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó pẹ́ tí tíṣà yìí ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ẹni tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tí a bí.