Etí Mẹkáníìkì

Bí a bá ń ka àwọn tí wọ́n ń fi etí jẹun ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àyàn ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti mọ àwọn mìíràn tí ó yẹ kí a kà mọ́ wọn: àwọn mẹkáníìkì alùpùpù, pàápàá àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń wá ìdí ariwo kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí ó ń jáde lórí ẹ́ńjìnnì.

Alùpùpù ayé ìgbà kan kò fún wọn ní irú iṣẹ́ yìí. Suzuki AX100 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ́ìlì ń bá bẹntiróòlù wọn jóná, kò ní irú fáàfù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èéfín ni àwọn fi ń fi àìsàn wọn hàn. Ìgbà tí àwọn fóò-sitiróòkù bíi Honda CG125 àti Bajaj Boxer gba ìgboro ni kẹ́-kẹ́-kẹ́ di ohun tí gbogbo ọlọ́kadà ń rojọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì ni ó wà lórí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń lé èéfín jáde. Àwọn ni fáàfù. Tápẹ́ẹ̀tì ni ó ń tẹ̀ wọ́n ṣí, sípíríǹgì ni ó sì ń dá wọn padà. Láàrin tápẹ́ẹ̀tì àti ìdí fáàfù, àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé ooru a máa mú irin gùn. Bí kò bá sí àlàfo, fáàfù tí ó ti gbóná kò ní lè padà jókòó dáadáa mọ́. Nínú púpọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké yìí, àlàfo náà kò ju 0.05 sí 0.10 mìlímítà lọ, bí ìwọ̀n sísanra bébà kan. Bí ó bá fẹ̀ jù, tápẹ́ẹ̀tì yóò máa kọlu fáàfù, ariwo yóò sì sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbà mí lọ́kàn nìyí: èyí tí ó dẹ̀ ni ó ń ké, èyí tí ó le jù kì í sọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Fáàfù èéfín inú iná ni ó ń gbé; ìgbà tí ó bá jókòó pa ni ó tó lè gbé ooru ara rẹ̀ fún orí ẹ́ńjìnnì. Bí àlàfo bá ti tán, kò ní jókòó pa mọ́, iná yóò máa gba etí rẹ̀ kọjá, yóò sì jẹ ẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé nínú ẹ́ńjìnnì púpọ̀, bí fáàfù àti ibùjókòó rẹ̀ ti ń jẹ ni àlàfo náà ń dínkù. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ ń rọ̀ lóhùn lọ́dọọdún lè máa dúpẹ́ fún ohun tí ó yẹ kí ó bà á lẹ́rù.

Ojú mi ni ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan ṣe bẹ ọ̀gá tí ó ń tún tèmi ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ pé kí ó bá òun pa ariwo yìí. Kò tíì san owó alùpùpù náà tán. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń kó owó lọ fún ẹni tí ó gbé e fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, àwọn èrò ti ń sá fún mi. Wọ́n ní ó ń ké bí ẹ̀rọ aránṣọ."

Ọ̀gá tẹ́tí sí i, ó wọn àlàfo rẹ̀, ó ní ó pé, pé ohùn àbínibí ẹ́ńjìnnì náà ni èyí tí ó kù. "Bí mo bá pa á lẹ́nu mọ́, ìwọ ni ebi yóò pa."

Ọmọ náà kò gbà. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ó dí àlàfo náà pa fún un, ariwo sì dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà, bí alùpùpù bá ti gbóná, kò ní jí mọ́. Bí ó bá tẹ kíìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a kàn wọlẹ̀ láìsí ohun tí ó ń tì í padà. Ẹ́sọ́ọ̀sì a sì máa yìnbọn. Nígbà tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, etí fáàfù èéfín ti jẹ bí etí àkàrà tí ó jóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi jókòó sílé, owó olówó kò sì dúró dè é. Èmi kò dá a lẹ́bi tó bí àwọn kan ti dá a lẹ́bi. Àwa èrò ni a kọ́ ọ pé ohun tí kò bá pariwo ni ó dára.

Kì í sì í ṣe gbogbo kẹ́-kẹ́ ni ti tápẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó ń ṣí fáàfù máa ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kiránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan, 700 ni tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò kàn, bíi 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ẹni tí ó lè kà á, ṣùgbọ́n etí tí ó ti mọ̀ ọ́n lára yóò mọ̀ bí ariwo kan bá ń sáré ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Irú ìyẹn sábà máa ń ti ìsàlẹ̀ wá, láti ọ̀dọ̀ písítìnnì tàbí apá rẹ̀. Ti ẹ́sọ́ọ̀sì ni ó ń tan ènìyàn jù. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí ó ti so mọ́ orí ẹ́ńjìnnì bá ń jò, a máa ró gẹ́lẹ́ bíi ti fáàfù, nítorí pé ìlù kan náà ni wọ́n jọ ń jó sí. Ó sábà máa ń le ní òwúrọ̀, a sì dínkù bí irin bá gbóná tí ó wú. Ọ̀gá a kọ́kọ́ wá ilà dúdú èéfín níbẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Boxer tún ní ṣéènì nínú ẹ́ńjìnnì tí ó máa ń ró bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ó bá dẹ̀. CG125 kò ní irú rẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá a níbẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù.

Ọ̀gá yóò fi ẹnu sikurudíráfà gígùn kan orí ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀bá etí, yóò sì dijú. Bí ẹ bá kí i ní àkókò yẹn, kò ní dáhùn.

Títún un ṣe gan-an kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, ohun tí ẹni tí ó ń kánjú kì í fẹ́ gbọ́. A ó yí i títí àmì T ara mágínẹ́ẹ̀tì yóò fi bá àmì ara ilé rẹ̀ mu, tí fáàfù méjèèjì sì wà ní pípadé. Pẹlẹbẹ irin tí a fi ń wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó sì máa di ọwọ́ mú díẹ̀. Àwọn kan ń lo bíléèdì. Bíléèdì tó nǹkan bíi 0.10 mìlímítà, kò burú fún ẹni tí tirẹ̀ nílò 0.10, ìlọ́po méjì ni fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 0.05. Bí a bá di nọ́ọ̀tì tán, ó lè ti sún. A ó tún un wọ̀n.

Ọ̀gá a máa ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí alùpùpù mẹ́ta tí ó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sọ èyí tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èyí tí ó kéré jù nínú wọn ní CG125 tèmi ni. Wọ́n jẹ́ kí ó tutù, ọ̀gá sì wọ̀n ọ́n: 0.12. Wọ́n dá a padà sí 0.08, mo sanwó, mo sì bá tèmi lọ.