Kíláǹpù Kékeré Lọ́wọ́ Káfíńtà

Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan lẹ́bàá ọjà pákó Bódìjà, n'Íbàdàn, kíláǹpù ló kún ara ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n ta wáyà láti ìṣó kan dé èkejì, wọ́n sì fi wọ́n kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: oní-íǹṣì 2, oní-íǹṣì 3, oní-íǹṣì 4, títí dé oní-íǹṣì 6. Ọ̀dà búlúù ara wọn ti ṣí dànù níbi tí ọwọ́ ti máa ń dì wọ́n mú, irin ibẹ̀ sì ń dán. Ní ibòmíràn, gọ́ọ̀mù funfun ti gan mọ́ wọn lára, ó ti le koko. Ayùn àti ìfági ló máa ń kọ́kọ́ wọ ojú ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ káfíńtà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í tú, kíláǹpù rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Irin kan tó tẹ̀ bíi lẹ́tà G ni kíláǹpù. Ẹnu rẹ̀ kan dúró gbọin-in, kò lọ, kò bọ̀. Sukúrúù ló gba inú ẹnu kejì kọjá. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yí i wà ní ìdí rẹ̀, àwo irin kékeré kan sì wà ní orí rẹ̀. Àwo yẹn ni kí ẹ bá mi wò dáadáa. Kò lẹ̀ mọ́ sukúrúù pinpin. Ó lè yí, ó sì lè dagun díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí sukúrúù ti ń yí, àwo á dúró jẹ́ẹ́ sára igi, kò ní ha á, kò sì ní ti pákó kúrò láyè rẹ̀. Kíláǹpù tí àwo rẹ̀ bá ti já bọ́, ihò róbótó ni yóò máa dá sí iṣẹ́ lára.

Ẹsẹ̀ tábìlì ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ ṣe. Pákó ọ̀gánwó méjì ló fẹ́ lẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó íǹṣì 1. Kò tíì fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù tó fi gbé wọn lé ara wọn, tó nà wọ́n sójú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín gba àárín wọn kọjá lápá ìsàlẹ̀. Ó dá wọn padà sórí bẹ́ǹṣì, ó tún fá wọn, ó tún wò wọ́n. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi kíláǹpù lò. Wọ́n rò pé bí pákó méjì kò bá bára mu, sukúrúù yóò fipá mú wọn. Yóò mú wọn lóòótọ́, lónìí. Bí wọ́n bá tú u lọ́la, igi á máa wá ọ̀nà àtipadà sí bó ṣe wà, gọ́ọ̀mù nìkan ni yóò sì máa bá a jà. Tí ọyẹ́ bá dé, ojú ìsopọ̀ á là.

Ọ̀gá fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ sójú pákó méjèèjì. Ó fi àjákù arère, igi tó rọ̀, sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí irin má bàa tẹ ọ̀gánwó lójú, ó sì tẹ́ ọ̀rá sáàárín àjákù àti pákó kí gọ́ọ̀mù má lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́. Irin kò gbọdọ̀ kan ọ̀gánwó tó tutù. Àbàwọ́n dúdú ló ń fi síbẹ̀, ó sì máa ń wọnú igi ju ohun tí sáńpépà lè tètè kó lọ. Pákó méjì pẹ̀lú àjákù méjì ti ju íǹṣì 3 lọ, ẹnu oní-íǹṣì 3 kò lè gbà á. Oní-íǹṣì 4 ló ń já láti ara wáyà.

Àárín ló ti bẹ̀rẹ̀. Pákó fẹ́ yọ̀ nítorí gọ́ọ̀mù tutù, ọmọṣẹ́ rẹ̀ di orí kejì mú.

"Ọ̀gá, ṣé kí n fún un sí i, sà?"

"Rárá o. Ojú gọ́ọ̀mù ni kó o máa wò."

Gọ́ọ̀mù ń yọ wẹ́wẹ́ lójú ìsopọ̀, ó tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀. Níbi tí kò bá ti yọ, kíláǹpù kù níbẹ̀. Níbi tó bá ti ń ṣàn wálẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé sukúrúù ti fún jù, tí gọ́ọ̀mù tó yẹ kó dúró láàrin ti ń tú jáde. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n ṣe ọ̀pá kíláǹpù fún. Àwọn kan máa ń ki páìpù bọ̀ ọ́ kí wọ́n lè rí agbára sí i, bẹ́ẹ̀ irin dídà kì í tẹ̀, kíkán ló ń kán.

Kíláǹpù 7 ló tò sára ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Kò pọ̀ jù. Agbára kíláǹpù ń fẹ̀ bó ṣe ń wọnú igi lọ, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà lára pákó tín-ín-rín, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Ó kéré tán, wákàtí kan ni ọ̀gá fi wọ́n sílẹ̀, kò sì ní gbé ẹrù lé iṣẹ́ náà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Nígbà òjò, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú mìíràn wà: èyí tí ẹnu rẹ̀ kan ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lórí irin gbọọrọ, tó ń tètè mú nǹkan, àti èyí tó ní sípíríìngì, tí kò lágbára púpọ̀. Fún ẹ̀yìn àga tó tẹ̀, rọ́bà inú táyà tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì wé yí i ká, sàn ju gbogbo wọn lọ.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má tíì béèrè iye. Ẹ yí sukúrúù wọlé títí àwo yóò fi kan ẹnu kejì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: bí wọn kò bá kojú ara wọn gan-an, ẹ dá a padà. Ẹ yí i jáde, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì jágajàga, ẹ dá a padà. Eyín sukúrúù tó nípọn ló ń pẹ́. Bí owó kíláǹpù ńlá kan bá sì wà lọ́wọ́ yín, oní-íǹṣì 4 mélòó kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rà.