Ìlà Pupa

Bíró pupa ni mo fi ṣe é. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, bíró pupa kò sì tíì kúrò lápò mi títí dòní. Mo dúró síwájú káńtà kẹ́míìsì kan ní Ìsẹ́yìn, ìwé tí dókítà kọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́wọ́ mi. Oògùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ro owó wọn pọ̀, mo tún un rò, mo bá fa bíró gba orí ìkẹrin.

"Bàbá, èyí tẹ́ ẹ fagi lé yìí ńkọ́?" Ọmọ tó ń tajà ló bi mí.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Wọn ò nílò rẹ̀."

Atorvastatin ni, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, ẹyọ kan lójúmọ́.

Ṣakí ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ti ń tà á láti ìgbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ gíráámà, owó èlùbọ́ yẹn náà ló sì rán mi níwèé. Kẹ́ ẹ má gbàgbé ìyẹn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ owó lọ.

Ní ìdájí, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ìka á ká kò bí ẹni tó di nǹkan mú tí kò sì sí nǹkan níbẹ̀. Ife tíì, ọrùn ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbá a mú. Ó di ìgbà tí oòrùn bá ti gòkè dáadáa kí àtàǹpàkò tó dá wọn lóhùn. Ọmọ orógùn tí wọ́n fi ń ro àmàlà fún gbogbo ilé ti di ti ọmọ wọn obìnrin.

Làkúrègbé ni gbogbo wa pè é. A kò purọ́, àmọ́ làkúrègbé pọ̀ lóríṣi. Èyí tó ń bá àgbàlagbà jà nítorí pé orúnkún ti gbó yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn yíjú padà, tí wọ́n ń gbógun ti oríkèé tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Rheumatoid arthritis ni òyìnbó ń pe ìyẹn, tọ̀tún tòsì ló sì sábà máa ń mú pọ̀. Ọdún mẹ́ta la fi àgbo àti àbóníkì lé e kiri kí ẹnikẹ́ni tó dá a mọ̀. N kò dá wa lẹ́bi púpọ̀ lórí ìyẹn, torí àwọn dókítà pàápàá ti gbà tipẹ́ pé kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn nínú àwọn ọdún 1960, kọ ọ́ pé irú àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì fura pé ibà tó ń ṣe wá lemọ́lemọ́ ló ń lé e sẹ́yìn. Ní 1993, àwọn olùwádìí mìíràn tẹ àbájáde tiwọn jáde láti ìgbèríko kan ní Nàìjíríà: wọn kò rí ẹnì kan ṣoṣo. Ó di 2010 kí Dókítà Femi Adelowo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ékòó tó kọ̀wé lórí 200 aláìsàn tó ní in.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rò ó lọ́jọ́ náà níwájú káńtà. Ẹ̀gbọ́n mi tín-ín-rín. Lójú mi, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ àìsàn àwọn alágbádá oníkùn ńlá, tí ń jẹ ẹran lálaalẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún wá gbè mí lẹ́yìn: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga rárá, ó kéré sí tèmi. Ọdún 2023 sì ni, ọdún tí náírà já, tí owó oògùn ń gùnkè lósọ̀ọ̀sẹ̀. Methotrexate tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, n kò jẹ́ yọ ọ́, òun ló ṣí ìka wọn díẹ̀. Folic acid tó ń tẹ̀ lé e kò wọ́n. Èyí tí n kò fojú rí iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo yọ. N kò bi dókítà. N kò bi ẹ̀gbọ́n mi.

Èmi olùkọ́ báyọ́lọ́jì! Nígbà tí iná àìsàn yìí bá ń jó lára, ó máa ń fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, iná kan náà ló sì ń jẹ ògiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn. Bí oògùn bá wá pa iná náà, ọ̀rá lè tún gòkè. Nígbà tí iná náà bá ṣì ń jó, ìwé àyẹ̀wò á dára, ewu á wà nílẹ̀. Ní 2011, àwọn olùwádìí Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín àwọn tó ní irú làkúrègbé yìí, àwọn tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn kéré gan-an náà wà nínú ewu àrùn ọkàn. Àwọn dókítà oríkèé ní Yúróòpù tilẹ̀ ní ìlànà kan: ṣírò ewu ọkàn aláìsàn náà bí o ṣe máa ń ṣírò ti ẹlòmíràn, kí o wá fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Òṣùwọ̀n tara mi ni mo gbé ẹ̀gbọ́n mi lé.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, kò ì tíì tó aago mẹ́fà àárọ̀.

"Tíṣà, apá òsì yìí ò jẹ́ n sùn. Ó ti dé àgbọ̀n."

Mo bi wọ́n bóyá ti àtẹ̀yìnwá náà ni. Wọ́n ní ó lè jẹ́ òun. Mo ní kí wọ́n fi àbóníkì ra á. Ọdún púpọ̀ la ti ń gbọ́ apá ń dùn mí lẹ́nu wọn, etí mi ti dì sí i. Ọmọ wọn ló rí i pé wọ́n ń làágùn nínú ọyẹ́, tó fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Iṣan kan ti dí nínú ọkàn.

Nígbà tí mo fi máa dé Ṣakí, dókítà kékeré kan, ọmọdébìnrin, ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ṣé wọ́n ń lo oògùn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀?"

Mo ní wọ́n kọ ọ́ fún wọn. Òótọ́ ni. Irọ́ náà ni.

Bóyá oògùn yẹn ì bá gbà wọ́n, kò sẹ́ni tó lè búra. Ní Ìlú Ọba, àwọn olùwádìí kó nǹkan bí 3,000 aláìsàn bíi ti ẹ̀gbọ́n mi jọ, wọ́n fún ìdajì ní atorvastatin, wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró torí àrùn ọkàn tó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, ẹni 24 ni nǹkan ṣe láàárín àwọn tó lo oògùn, 36 láàárín àwọn tí kò lò ó, àwọn olùwádìí fúnra wọn sì ní ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Mo ti ka 24 àti 36 yẹn lóru bí ẹni ń ka owó tó kù díẹ̀ káàtó. Lóru kan, màá ní wọ́n ì bá wà nínú 24 náà, kí n lè sùn. N kò sùn. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó ta ayò yẹn fún wọn.

Ohun kan tún wà tí mo rẹ́rìn-ín sí tí ẹ̀rín kò sì dùn. Ara ohun tó bu ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú oògùn yìí. Akira Endo, ará Japan, yẹ oríṣi tó lé ní 6,000 wò kó tó rí i ní 1973, nínú irú èyí tó ń bu lára ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó fi gbogbo ayé wọn bá èlùbọ́ tó bu jà!

Wọn kò kú. Ṣùgbọ́n láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dúró mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìsọ̀ wọn lọ́jà ti di ti ẹlòmíì.

Oṣù tó kọjá ni mo lọ jókòó tì wọ́n, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní kí n gbé agolo Mílò tí wọ́n ń kó ìwé oògùn sí. Wọn kò mọ̀wé, àmọ́ wọn kì í ju ìwé nù. Ìwé ọjọ́ náà wà níbẹ̀, mo tẹ́ ẹ síwájú wọn, mo nawọ́ sí ìlà pupa, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Mo rí i nígbà náà," ni wọ́n wí. "Mo rò pé o mákì í ni."

N kò mọ ibi tí mo máa wò. Wọ́n na ọwọ́ tí kò ṣí tán sí mi.

"Èyí tí o fagi lé ọ̀hún, èwo ni nínú ìwọ̀nyí?"

Mo ṣa funfun kékeré náà jáde, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo dìde lọ bomi.