Ọmọ Tí Kò Lè Ka Ẹsẹ Tirẹ̀

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí a kọ ìrántí díẹ̀ sílẹ̀, a mọ̀ pé ìtàn pápá bọ́ọ̀lù àti ti agogo òwúrọ̀ ni wọ́n ń retí. Ẹlòmíràn yóò sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó gbọ́n ṣùgbọ́n tí kò lè kàwé ni ó wà lọ́kàn tiwa.

Ní ọdún tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, Kabba ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọmọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kíláàsì kìíní. Ó lè tú rédíò palẹ̀ kí ó sì tò ó padà. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ a máa yá ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìwé kíkà sókè, òógùn a bò ó, àwa a sì máa rẹ́rìn-ín. Kí a má purọ́, ẹ̀rín tiwa ni ó máa ń dún jù. Kò lo ọdún kejì parí kí ó tó lọ, a kò sì béèrè ibi tí ó gbà.

Ọlọ́run wá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ilé wa. Ọmọ wa kẹta ni. Ní àdúrà alẹ́, olúkúlùkù ní í ka ẹsẹ Bíbélì kan, tirẹ̀ kì í sì í ní àṣìṣe. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Yóò ka iye ènìyàn tí yóò ṣáájú rẹ̀, yóò mọ ẹsẹ tí yóò kàn án, yóò sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nílé ìdáná kí ó kà á sí òun létí. Ó ń há a sórí ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àlejò kan jókòó sáàárín wa, ìṣirò ọmọ sì dàrú. Ẹsẹ tí àlejò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ni òun náà tún kà, láìṣi ọ̀rọ̀ kan, ojú rẹ̀ nínú ìwé.

A rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. A nà án lẹ́gba mẹ́fà. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, àwọn lẹ́tà náà kì í dúró.” A tún nà án nítorí irọ́.

Ìyá rẹ̀ ni ó bi wá léèrè ní òru ọjọ́ náà pé, “Ọmọ tí ó ń há Bíbélì sórí lójoojúmọ́, ṣé òun ni ẹ ń pè ní olódo?” A kò rí èsì fọ̀. A rántí bí a ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí èdè Hébérù nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà, tí lẹ́tà méjì jọ ara wọn bí ìbejì.

Olùkọ́ kan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa: dyslexia. Kì í ṣe àìsàn ojú, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ọpọlọ ni kì í tètè so àmì inú ìwé pọ̀ mọ́ ìró ọ̀rọ̀, a sì sábà máa ń bá a nínú ìdílé láti ìran dé ìran. Ní 1896, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. Pringle Morgan, kọ nípa ọmọ ọdún 14 kan, Percy, tí ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ní Precy. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́rìí pé bí ó bá ṣe pé ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ni, òun ni ì bá mọ̀wé jù ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí a ka èyí, ọmọ ìjókòó wa ti kíláàsì kìíní ni ó dìde dúró lójú wa.

Ìyá rẹ̀ da iyanrìn sínú àwo fífẹ̀ kan. Ọmọ a máa fi ìka kọ lẹ́tà sínú rẹ̀ bí ó ti ń pe ìró rẹ̀ síta. B àti d nìkan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yorùbá ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí lẹ́tà Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ohùn padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. (Owé ni à ń sọ nílé, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé, síbẹ̀ ó sún mọ́ ọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.) Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nítorí irú ọmọ wa, ṣùgbọ́n ó fún wa ní ìgboyà.

A lọ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kí ó má ṣe pè é dìde kàwé lójijì. Ó gbà. Ó tún ń gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti ẹnu, ó sì ń fi kún àkókò rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e kò gbà, odidi ọdún kan sì ṣòfò. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ka fífi ẹ̀tọ́ du àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í dá wọ kíláàsì. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí a tó tún kun géètì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jẹ́ kí a rán olùkọ́ méjì lọ kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ọmọ wa ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní Lọ́kọ́ja báyìí. Ó ń kàwé, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìka lábẹ́ ìlà. A ti bẹ̀ ẹ́ nítorí alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ẹsẹ náà lórí. Kì í kọ̀wé sí wa. Ohùn ni ó ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Láìpẹ́ yìí ó ní ọmọbìnrin òun ń kọ b bíi d, ṣé àwo iyanrìn yẹn ṣì wà? Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná.