Lórí Odò Tí A Fi Ọwọ́ Gbẹ́: Bí A Ṣe Wa Ọkọ̀ Àjẹ̀ Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ìyekan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí a bá lọ kí wọn, ilé ìjọsìn ni a máa ń lọ, àti ọjà Ridley Road ní Dalston níbi tí a ti ń ra iṣu àti ẹ̀fọ́, àti ààfin ọba tí a ń dúró ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kan wà tó la ìlú náà kọjá, tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ láti ogún ọdún, tí wọ́n ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, tí wọn kò sì tíì wọ ọkọ̀ lórí rẹ̀ rí. Regent's Canal ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwa àti aya wa, pẹ̀lú ìdílé kan tó gbà wá lálejò ní Hackney, háyà ọkọ̀ àjẹ̀ méjì lórí omi náà. Kò sí ọ̀kan nínú àwa àgbà ọkùnrin tó tíì di àjẹ̀ mú rí.

Odò tí kì í ṣe odò

Kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá ni èyí. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin lé e lórí ní ọdún 1812. John Nash, ayàwòrán-ilé tó lókìkí, wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀, James Morgan sì ni ẹnjiníà. Wọ́n fi orúkọ ọmọ ọba tó ń dele fún bàbá rẹ̀ nígbà náà pè é, ẹni tó di Ọba George Kẹrin lẹ́yìn náà. Apá kìn-ín-ní, láti Paddington dé Camden, ṣí ní ọdún 1816. Ìyókù dé Limehouse, níbi tó ti pàdé odò Thames, ṣí ní ọdún 1820. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 14. Owó tó gbà ju èyí tí wọ́n fojú bù lọ dáadáa, kò sì tilẹ̀ tíì parí nígbà tí Thomas Homer, ẹni tó kọ́kọ́ dá àbá rẹ̀, kó nínú owó ilé-iṣẹ́ náà jẹ ní ọdún 1815.

Ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ nígbà náà. Ẹṣin á máa rìn ní etí omi, wọn á so okùn mọ́ ọn, ọkọ̀ tó kún fún èédú, igi gẹdú tàbí bíríkì á sì máa tẹ̀ lé e. Títí di òní olónìí, ẹ ó rí ojú ibi tí okùn ti gbẹ́ irin lára àwọn afárá. Afárá Macclesfield, tó wà nítòsí ọgbà ẹranko Regent's Park, ní tirẹ̀ ní ìhà méjèèjì òpó. Ìdí rẹ̀ rèé: ní oṣù kẹwàá ọdún 1874, ọkọ̀ kan tó kó ẹ̀tù ìbọn àti epo bẹtiróò bú gbàmù lábẹ́ rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ náà kú, afárá sì wó. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, òpó àtijọ́ náà ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n wọ́n yí wọn padà, okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìhà kejì.

Kódà, yìnyín gba ibẹ̀ wọ ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Carlo Gatti máa ń kó o wá láti Nọ́wè, á sì kó o pamọ́ sínú kànga ńlá méjì nítòsí King's Cross, kí àwọn aláyìísìkirìímù lè rí i lò. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé odò náà wà lónìí. Reluwé àti ọkọ̀ akẹ́rù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ àti àwọn tó ń ṣeré ló ni ín báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́ pátápátá: láti ọdún 1979 ni wáyà iná ńlá ti wà lábẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti St John's Wood dé City Road, omi odò náà ni wọ́n sì fi ń mú un tutù.

Ìyá kò fẹ́

Ọmọbìnrin ìdílé tó gbà wá lálejò, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fi ìwé ránṣẹ́ wálé kí òbí fọwọ́ sí i kí àwọn ọmọ lè lọ wa ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìyá rẹ̀ kọ̀. Bàbá, tí í ṣe ọmọ Òkè-Ògùn, kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ìyá, tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sùn, ó sọ ìdí rẹ̀ fún aya wa. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ìjì ni. Kò sí ẹni tó wọ ẹ̀wù amúniléfòó nínú wọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Òun ló kọ́ mi ní àjẹ̀."

Aya wa dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá ọmọ, ṣé ọmọ yìí mọ̀?"

"Kò mọ̀, mà. Ó rò pé ojora lásán ni."

"Ó yẹ kó mọ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó mọ omi, omi kò ṣèlérí pé òun kò ní mọ̀ ọ́n."

Kò sí ẹni tó fi agbára mú un. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun gbà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn mẹ́ta: gbogbo wa gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wo ìdè ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, inú ọkọ̀ kan náà ni òun àti ọmọbìnrin náà yóò sì wà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́wọ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ wa kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí a di etí ọkọ̀ méjèèjì mú bí a ti ń wọlé, kí a fi ẹsẹ̀ sí àárín gbùngbùn, kí a sì tètè jókòó. Ẹni tó bá dúró nínú ọkọ̀ kékeré, ó ti ń wá ìṣubú. Ẹni tó wà níwájú ló ń sáré, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń tọ́ ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá ń wa apá òsì, kí èkejì máa wa apá ọ̀tún. Bí a bá wa apá òsì nìkan, ọ̀tún ni orí ọkọ̀ yóò yà sí. Ó yani lẹ́nu fún ẹni tí kò wà á rí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ohun mìíràn tó yà wá lẹ́nu ni pé, ní ìlú tí mọ́tò ti ń gba ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà lórí omi. Ọkọ̀ ilé kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan lọ. Síbẹ̀, ó wúwo, kò sì lè dúró lójijì. Òmíràn gùn tó ogún mítà, ẹni tó ń wà á sì wà ní ìdí rẹ̀ pátápátá, kò ní tètè rí ọkọ̀ kékeré tó wà níwájú.

Àwa, bàbá àti ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án wà nínú ọkọ̀ kan. Aya wa, ìyá àti ọmọbìnrin wà nínú èkejì. Ọmọbìnrin ló wà níwájú, aya wa wà lẹ́yìn. Ìyá jókòó sí àárín, kò sì gba àjẹ̀.

Lábẹ́ afárá

Apá ibi tí a ti wa ọkọ̀ kò ní lọ́ọ̀kì. Lọ́ọ̀kì ni àwọn iyàrá omi tí a fi ilẹ̀kùn ńlá sé, bí àkàsọ̀, tí ọkọ̀ fi ń ti orí ilẹ̀ gíga sọ̀kalẹ̀ sí orí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, nítorí láti Paddington dé Limehouse, ilẹ̀ rẹlẹ̀ tó mítà 26. Sturt's Lock wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, Acton's Lock sì wà ní ìlà-oòrùn nítòsí Broadway Market. Láàárín méjèèjì, omi tẹ́ bí ẹní.

Ìsàlẹ̀ ni a ti ń wo ìlú. Bọ́ọ̀sì ń kọjá lókè lórí afárá Kingsland Road, a kò tilẹ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀ dáadáa. Pẹ́pẹ́yẹ kó ọmọ wọn kọjá níwájú wa. Ọkọ̀ ilé tò sí etí omi, wọ́n to igi ìdáná àti ìkòkò òdòdó sórí òmíràn. Ẹni tó ń gbé inú wọn tí kò ní ibùdó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí lọ sí ibòmíràn, ó pẹ́ jù, lẹ́yìn ọjọ́ 14.

Bí a ti ń sún mọ́ afárá kan ni ọkọ̀ ilé yọ lójijì. Ọkọ̀ àwọn obìnrin ti yà dábùú omi, nítorí aya wa, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ, ti ń wa apá ọ̀tún ju bó ti yẹ lọ. Ọmọbìnrin náà gbé àjẹ̀ sókè, kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. A gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, kò pariwo: "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi." Ó gba àjẹ̀. Ó kì í bọ omi lápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta. "Má wò ó. Iwájú ni kí o wò. Wa òsì. Òsì náà." Orí ọkọ̀ yà sí ọ̀tún, ó sì rọra fara ti etí omi. Ọkọ̀ ilé kọjá, awakọ̀ rẹ̀ juwọ́ sí wa.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ láti sinmi, ìyá àti aya wa pààrọ̀ ìjókòó. Láti ibẹ̀ lọ, òun ló tọ́ ọkọ̀, tiwọn kò sì yà mọ́. Tiwa ló ń kọlu ògiri. Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Mummy, ta ló kọ́ yín?"

Ó sọ ọ́ fún un níbẹ̀, lórí omi, láìdá àjẹ̀ dúró. A kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni ìbéèrè ọmọ náà: "Kí ni orúkọ wọn?" Ìyá rẹ̀ sì dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bí a ti ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí nǹkan wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ bá yín lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Canal & River Trust ló ń bójú tó odò náà láti ọdún 2012, ìwé àṣẹ sì ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú; ẹ béèrè bóyá ó wà nínú owó háyà. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ àjẹ̀ wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ Islington. Gígùn rẹ̀ tó mítà 878, òkùnkùn ni, a kò sì gba ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì láàyè níbẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin máa ń dùbúlẹ̀ lórí ọkọ̀, wọn á sì fi ẹsẹ̀ ti ògiri títí wọn yóò fi jáde. Bí ẹ bá dé lọ́ọ̀kì, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ yín gba orí ilẹ̀.

Ẹ bo ojú egbò kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí ìtọ̀ eku máa ń kó àrùn sínú irú omi bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá já sómi, omi tútù ilẹ̀ náà lè gba èémí lẹ́nu rẹ̀, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kó má ṣe bá omi jà. Kó dojú sókè, kó tẹ́ ara sílẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀wù gbé e títí èémí yóò fi padà, kó tó wá etí ọkọ̀ dì mú.

Ẹ̀yin òbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba sọ pé kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 kó tó parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fa ọmọ yín sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ yẹn nítorí irun tàbí nítorí ẹ̀rù. Bí ẹ̀rù bá sì ní ìdí, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ; ó sàn ju "mo ní o kò gbọ́dọ̀ lọ" lásán. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Bí awakọ̀ bá na ẹ̀wù amúniléfòó sí yín, ẹ má ṣe fi jókòó, ẹ má sì ṣe sọ pé ó ń rùn. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ de ìdè rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo ti ọmọ tó jókòó tì yín.