Ẹ Má Pa Ohùn Màmá Rẹ́

Ohùn kì í gba àyè tó bí ẹ ṣe rò. Voice note ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp kì í tó MB 1, ṣùgbọ́n fídíò ìṣẹ́jú kan tí fóònù yà lè kọjá MB 60. Nítorí náà, nígbà tí fóònù mi kún ní Odigbo, tí àbúrò mi ní kí n pa ogójì voice note tí mo gbà lẹ́nu ìyá àgbà rẹ́, mo kọ̀ jálẹ̀. Oríkì ìdílé wa ló wà nínú wọn. Lẹ́yìn Màmá, kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n kì nílé wa mọ́.

Settings ni mo lọ, mo tẹ Storage and data, mo tẹ Manage storage. Ibẹ̀ ni WhatsApp to gbogbo ohun tó ju MB 5 lọ sí. Fídíò àdúrà òwúrọ̀, àwàdà, ìpolówó ilẹ̀ ní Ore (èmi tí n kò ní owó ọkọ̀ dé Ore!). Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì pa auto-download kí group ẹbí má baà tún kún un.

"Ṣé tèmi ò bá a lọ?" Màmá bi mí.

"Rárá o, mà. Ẹ máa bá oríkì yín lọ."

Ó ku kí n rí kọ̀ǹpútà yá ní Ore, kí n da àwọn ohùn náà sórí rẹ̀ kí iléèwé tó wọlé.