Ọmọ Àyàn ní Ìlú Matanzas

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbaradì fún ìdánwò àṣekágbá sọ ohun tó mọ̀ nípa ìlù bàtá, wàrà-wéré ni yóò ka ìsọ̀rí rẹ̀ sílẹ̀: ìyáàlù, omele abo, omele akọ, kúdi. Yóò fi kún un pé ìlù Ṣàngó ni, pé awọ ni a fi bo ojú rẹ̀ méjèèjì, pé àwọn ọmọ Àyàn ló ń lù ú. Máàkì pé. Ṣùgbọ́n ohùn bàtá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó ń wí ńkọ́, àti ibi tó rìn dé? Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ bá mi gbé ìtàn ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí a kò bí sí ilẹ̀ Yorùbá, tí èdè Sípéènì sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, síbẹ̀ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sin Àyàn.

Francisco Aguabella ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Matanzas, létí òkun ní àríwá erékùṣù Kúbà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1925. Matanzas kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́, tí ogun gba ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n tà sí Kúbà láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké, agbègbè Matanzas sì kún fún oko bẹ́ẹ̀. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tiẹ̀ dá ilé ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1845, Iyesá Modú, pẹ̀lú ìlù tiwọn lọ́tọ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà; nígbà tí wọ́n bí Aguabella, ogójì ọdún kò tíì pé tí àwọn ẹrú ibẹ̀ gba òmìnira.

Mẹ́ta ni bàtá ti Kúbà: iyá, itótele, okónkolo. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ ka àwọn orúkọ wọ̀nyí sókè fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́. Ojú ńlá ìlù náà ni wọ́n ń pè ní enú, ojú kékeré ni chachá. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí ẹnu àti ṣáṣá? Agbára tó wà nínú ìlù ni Añá. Ẹni tó sì ti búra níwájú rẹ̀ ni omo Añá, ìyẹn ọmọ Àyàn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìdílé onílù. Ní Matanzas ni Aguabella ti búra, nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́.

Òkun kò ṣàì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó bá là á já. Lọ́dọ̀ wa, ọrùn ni a ń gbé bàtá kọ́, bílálà ni a sì fi ń na ṣáṣá. Ní Kúbà, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé e lé itan, ọwọ́ lásán ni wọ́n á sì fi lu ojú méjèèjì. Bàtá tiwa jẹ́ akólòlò: ìyáàlù àti omele abo ní láti pa ohùn pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní ariwo ni. Ti Kúbà kì í sọ̀rọ̀ sí ènìyàn lójú agbo bíi tiwa mọ́, kì í kí ọba, kì í bú ahun, nítorí àwọn tó gbọ́ èdè náà ti kú tán. Ohun tó kù ni oru, èyí tí àwọn onílù mẹ́ta máa ń lù nínú igbodú kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, láìsí orin, láti orí Elegguá lọ, òrìṣà kan tẹ̀ lé òmíràn, ìlù kálukú sì ní ipò rẹ̀. Ẹnu gbàgbé, ọwọ́ rántí.

Ní 1953, Katherine Dunham, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ oníjó àti onímọ̀ àṣà, mú Aguabella wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ ṣe fíìmù Mambo (1954) ní Ítálì, wọ́n sì jọ rin ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní 1957 ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé. Orin jáàsì àti ìlù Kúbà ti wọnú ara wọn nígbà náà. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni Chano Pozo, onílù ará Kúbà, ti bá Dizzy Gillespie ṣe orin. Aguabella bá Gillespie náà ṣiṣẹ́, ó bá Peggy Lee, ó bá Frank Sinatra, ó bá ẹgbẹ́ Malo ní àwọn ọdún 1970. Àwo tirẹ̀, Hitting Hard, jáde ní 1977. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí H2O àti Agua de Cuba jáde ní 1999. Ẹni tó bá mọ̀ pé omi ni agua, tí bella sì jẹ́ arẹwà, yóò rí àwàdà tó fi pamọ́ sínú H2O.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ká má sọ òun. Conga ni ìlù tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ìtàgé wọ̀nyí, ilẹ̀ Kóńgò ni a sì ń tọpa conga lọ. Abakuá tó mọ̀ ọ́n lù, Kalaba ló ti wá. Arará, ilẹ̀ Dàhòmì. Àwa Yorùbá a máa yá láti pe gbogbo ohun tó bá dún ní Kúbà ní tiwa. Èyí tó jẹ́ tiwa pọ̀ tó. Kò yẹ ká máa fi ti aládùúgbò kún un.

Àwo Tito Puente tó ń jẹ́ Top Percussion, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1957, ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Aguabella, Mongo Santamaría, Willie Bobo àti Julito Collazo wà nínú rẹ̀. Mo kọ orúkọ mẹ́ta nínú àwọn orin rẹ̀ sójú pátákó láìsọ ibi tí wọ́n ti wá: Eleguara, Obatalá Yeza, Obaricoso. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí ọmọbìnrin kan fi pariwo pé, “Ẹlẹ́gbára ni!” Láti ibẹ̀, Ọbàtálá Ìjẹ̀ṣà kò gba ìṣẹ́jú kan. Obaricoso ló pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí Ọba Kòso nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi Cantos a los Orishas, àwo Aguabella fúnra rẹ̀, sí ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ agbolé onílù, tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí tábìlì. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ dá a padà. Omele yẹn mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyáàlù ń fi nǹkan pa mọ́.”

Bàbá ọmọ yìí ti ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀ pé òun kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ òun tún lọ máa gbé ìlù kiri. Mo lọ bá a nílé. Mo sọ fún un pé ní yunifásítì UCLA, ní Los Angeles, ọkùnrin kan fi ìlù Àyàn ṣe ẹ̀kọ́ fún ọmọ aráyé; pé ní 1992 ó gba National Heritage Fellowship, oyè tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ lọ́lá; pé Les Blank ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 1995, Sworn to the Drum, ìyẹn ẹni tó búra fún ìlù. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló mú bàbá náà gbé ojú sókè. Ó ní, “Tíṣà, ẹni tó búra, báwo ló ṣe ń kọ́ ọ̀gbẹ̀rì?”

Ìbéèrè gidi ni. Ní Kúbà, ìlù tí Añá wà nínú rẹ̀ wà, tí ẹni tí kò búra kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Aberikulá sì wà, tí a kò fi ohunkóhun sí nínú. Aberikulá ni wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn ní gbangba. Àwọn kan yóò ní èyí náà jẹ́ títú àṣírí. Èmi kò bá wọn rò ó. Ìlù tí ọmọ onílù kò gbọ́ mọ́ ti di ti ọ̀gbẹ̀rì ná. Nígbà tí Aguabella kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ní ẹni ọdún 84, ohun tó mọ̀ ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí kò bá a tan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá náà gbé ìyáàlù wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó ní kí n tan ẹ̀rọ náà kí òun fi etí ara òun gbọ́. Ó tẹ́tí títí, ó ní, “Ọwọ́ á máa dun àwọn ará ibẹ̀ o, láìsí bílálà.” Ó fa tirẹ̀ yọ nínú àpò, ó sì pe ọmọ rẹ̀ síwájú.